Alága Ayérayé fún Kòtò Afẹ́fẹ́ Ẹsẹ̀-Òkè

Ọkùnrin kan wà ní Atakpamé tí kò lè béèrè omi mímu kó má kọ́kọ́ wúkọ́. Mùsíọ̀ Isidore Ògúnkọ̀yà ni orúkọ rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á dìde dúró, á fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, á wúkọ́, á ní: "Justine, aya mi ọ̀wọ́n, ní orúkọ ìtẹ̀síwájú, àti ní orúkọ ọ̀nà ọ̀fun mi tó ti gbẹ, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ ké sí ọ." Kó tó dé orí "ìrẹ̀lẹ̀", ìyàwó rẹ̀ á ti gbé omi kalẹ̀, á ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá á ṣì máa bá ife sọ̀rọ̀.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Àwa ará àdúgbò Ẹsẹ̀-Òkè la bà á jẹ́. Ọ̀gá kékeré kan báyìí ni nígbà tí ìjọba gbé e wá síbi iṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Yvette, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà. Àwa la bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Ó sín, a pàtẹ́wọ́. Ká ní àtẹ́wọ́ ṣeé se lọ́bẹ̀ ni, ebi kì bá tí pa ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbogbo Togo. Nígbà tó fi máa di pé ó wú tán, a wá ń bi ara wa léèrè pé ta ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn: Lomé. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí Lomé kí òun tó fẹ̀yìn tì, sínú búrò tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, níbi tí àwọn èèyàn á ti máa dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ra báàgì aláwọ fún ìrìn àjò náà. Báàgì ọ̀hún wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, òfìfo ni, Justine sì máa ń nù ún bó bá ń nu ilé.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá sílẹ̀ ná, ká sọ ti iná. Lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 1983, nígbà tí iná ti sun oko sun igbó láti Akparé títí dé ọ̀nà Glei, igi ìdáná di ohun àwátì. Igi tútù làwọn obìnrin wa fi ń dáná. Ìyá Àpọ̀kẹ́, tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí lórígun àdúgbò wa, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa bí epo, ojú ọ̀tún sì ti ń ṣú. Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé bí kò bá jìnnà sí èéfín, ojú náà ń lọ. Ó ní: "Ẹ ṣeun, dókítà. Ṣé kí n máa fi ojú ọjọ́ se ẹ̀wà ni?"

Àbúrò rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Léon, bíríkìlà ni. Ó ti bá wọn mọ kòtò kan rí ní iléèwé àwọn àgbẹ̀, kòtò tí wọ́n ń da ìgbẹ́ màlúù àti omi sí, tí wọ́n sì fi ìdérí irin ńlá bò mọ́lẹ̀. Bí ìgbẹ́ náà bá jẹrà lábẹ́ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gbaná á jáde lára rẹ̀. Ìdérí á máa gòkè bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń kún, túùbù á sì gbé afẹ́fẹ́ náà lọ sídìí ààrò. Léon sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún àwọn obìnrin, àwọn obìnrin kò fún ọkọ wọn nísinmi. A gbẹ́ kòtò. A mọ ọ́n. A kọ́ ilé ìdáná kan tí gbogbo agboolé á jọ máa lò. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: agboolé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti lọ kó ìgbẹ́ wá láti gáà màlúù ọ̀nà Glei, ẹni tó bá sì ń kó ìgbẹ́ ló ń dáná. A kò ní alága. Kò tilẹ̀ sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ó mọ́ roro, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, kò rú èéfín kankan. Ìyá Àpọ̀kẹ́ gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná, ó jókòó tì í, ó ń sunkún. A ní kí ló dé. Ó ní kò sí, pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí ìdí ìkòkò òun gbẹ̀yìn.

Ìròyìn dé etí Mùsíọ̀ Isidore. Ó wá. Ó dúró lórí kòtò náà, ó di imú mú, ó yí i ká, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ní, "ọkàn mi gbọgbẹ́. Ṣé afẹ́fẹ́ lè máa jáde ní ìlú tó ní ìjọba, kó má ní alága?"

A wo ara wa. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ gidi. Kí á tó sọ pé kí lèyí, akọ̀wé rẹ̀, Gérard, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọwọ́ wa náà sì ti dara pọ̀ láìbi orí wa. Bí a ṣe yan Mùsíọ̀ Isidore ní Olùdásílẹ̀, Olùdarí àti Alága Ayérayé fún Kòtò Afẹ́fẹ́ Ẹsẹ̀-Òkè nìyẹn. Ẹ ò rí i pé a gbọ́n?

Ìjọba Alága bẹ̀rẹ̀. Ó fi àgádágodo sí ẹnu ilé ìdáná, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ bí àgbélébùú. Láràárọ̀, a ó dúró pẹ̀lú ìkòkò lórí títí Alága á fi jí, tí á fi fá irùngbọ̀n, tí á fi wọ kóòtù, tí á fi dé. Bó bá dé, a ó kọrin fún un. Lẹ́yìn orin, ó kan ọ̀rọ̀ àárọ̀.

"Kí ni iná?" Alága á bèèrè. Kò sẹ́ni tí í dáhùn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. "Iná ni ìmọ́lẹ̀! Kí sì ni ìmọ́lẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni aṣáájú! Kí wá ni aṣáájú?" Níbẹ̀ yóò rẹjú sílẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Gérard á pariwo pé: "Ẹ̀yin ni, ọ̀gá! Ẹ̀yin gan-an ni!" Ìgbà náà ni wọn á tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ iléèwé tí ń jẹ ẹ̀wà Ìyá Àpọ̀kẹ́ láàárọ̀ á ti kọjá lọ pẹ̀lú ebi.

Ó tún ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń dárúkọ ìgbẹ́ mọ́ ní àdúgbò, pé kò bá ipò òun mu. Kí a máa pè é ní Ẹ̀bùn Ilẹ̀ Baba Wa. Obìnrin kan bèèrè pé bí ọmọ bá ya Ẹ̀bùn Ilẹ̀ Baba Wa sára ńkọ́. Gérard ní ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé Alága nìkan ni kì í kó Ẹ̀bùn. Ilé ìjọba ló ń gbé, ìjọba ló ń fún un ní gáàsì inú ìgò, ìyàwó rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ igi tútù.

Alága wá ránṣẹ́ sí Lomé. Ó sọ fún wọn bí òun ṣe ronú kan kòtò yìí ní òun nìkan, lórí ibùsùn òun, nígbà tí ibà ń ṣe òun. Èsì padà wá, ó ju ohun tó retí lọ: Dírẹ́kítọ̀ Àgbà fún ọ̀rọ̀ iná ń bọ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀, bó bá sì rí iná náà, yóò mú ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ sí Lomé kó máa kọ́ àwọn àdúgbò yòókù.

Nígbà tí Mùsíọ̀ Isidore gbọ́ "Lomé", ó sáré lọ sílé. Ó wọlé, ó gbé báàgì aláwọ sọ̀ kalẹ̀, ó to ṣẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ó tún kó o jáde, ó tún tò ó. Justine ní: "Bàbá Yvette, ẹ jẹ́ kí iná ọ̀hún kọ́kọ́ tàn ná." Ó ní obìnrin kò mọ ìtàn orílẹ̀-èdè.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: òórùn. Kòtò náà ń rùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwa náà mọ̀. Àwa tí àlejò kì í bá ilé wa ní àìgbá, tí a máa ń wọ́n omi sí àgbàlá ká tó tẹ́ ẹní fún un, ṣé a ó jẹ́ kí èèyàn ńlá láti Lomé wá fi imú kó òórùn wa lọ? Nígbà tí Alága pàṣẹ pé kí wọ́n ra krésìlì, oògùn dúdú tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú ilé ìyàgbẹ́, kí wọ́n sì dà á sínú kòtò, kò sẹ́ni tó jiyàn. Léon nìkan ló họrí. Ó ní bóyá ká bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ná. Gérard bi í bóyá ó wù ú kó jẹ́ Igbákejì Ẹnjiníà Kòtò. Léon ronú díẹ̀, ó ní krésìlì dára púpọ̀, pé òun gan-an fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n da ìgò kan. Alága gbóòórùn, ó ní kí wọ́n da òmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó fọkàn tán ìmọ́tótó ẹnìkejì. Ẹni tó ní krésìlì da krésìlì, ẹni tó ní omi ọṣẹ da omi ọṣẹ. Bí a bá ń pàdé lọ́nà, a ó ní a kàn ń ṣeré jáde ni. Ìgò sì wà lábẹ́ aṣọ.

Alága tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná títí àlejò á fi dé, kí àárẹ̀ má baà ti mú iná kó tó di ọjọ́ rẹ̀. Ìyá Àpọ̀kẹ́ padà sídìí igi tútù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìdérí irin tó máa ń ga sókè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí tó fi jókòó pẹ̀tẹ̀.

"Gérard," Alága ní, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, "kí ló ń ṣe é?"

"Ọ̀gá," Gérard ní, "ó ń kúnlẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ẹ fẹ́ẹ́ lọ."

Alága yọ aṣọ ìnujú, ó nu ojú. Ó ní irin pàápàá ní ẹ̀kọ́ ilé ju àwọn èèyàn kan lọ.

Ọjọ́ pé. Mọ́tò dé láti Lomé. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó wọ awò dúdú kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú. Alága sáré lọ, ó tẹ̀ kanlẹ̀, ó ní: "Ọlọ́lá jù lọ! Ẹsẹ̀ yín ti sọ erùpẹ̀ wa di mímọ́!" Ọkùnrin náà ní, "Mùsíọ̀, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí omi fi sínú ẹ̀rọ mọ́tò?" Awakọ̀ ni. Dírẹ́kítọ̀ Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, obìnrin tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Brigitte, bàtà rẹ̀ kún fún eruku, ó sì ti ń rìn lọ sídìí kòtò.

Alága sáré lé e bá, ó gun orí àpótí, ó wúkọ́.

"Màdáàmù! Nígbà tí àwọn èèyàn yìí ń sùn, èmi ń ronú. Nígbà tí wọ́n jí, mo ṣì ń ronú. Nígbà tí èmi fúnra mi ń sùn, orí mi kò gbà! Ọwọ́ méjèèjì yìí," ó gbé wọn sókè, wọ́n ń dán, wọ́n rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun, "ọwọ́ yìí ló gbẹ́ kòtò yìí! Ọwọ́ yìí ló mọ ọ́n! Bí ẹ bá rí iná, èmi lẹ rí! Bí ẹ bá rí èmi, ẹ ti rí iná!"

Léon wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá Àpọ̀kẹ́ nu ojú rẹ̀ tí èéfín ti tún sọ di pupa. Àwa ńkọ́? A pàtẹ́wọ́. Kí la tún mọ̀ ọ́n ṣe?

Oòrùn mú. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Nígbẹ̀yìn, Màdáàmù ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tan iná náà. Alága yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí ilé ìdáná, ó yí ẹnu túùbù, ó ṣáná. Kò sí nǹkan kan. Ó ṣá òmíràn, iná ìṣáná jó o lọ́wọ́.

"Ó ń tijú àlejò ni," Gérard ní.

Màdáàmù Brigitte ti ń fa imú. "Mùsíọ̀, kí ló dé tí kòtò yìí ń rùn bí ilé ìwòsàn?"

"Ìmọ́tótó ni, Màdáàmù!" Ojú Alága tún là. "Krésìlì ni. Ojúlówó!"

Obìnrin náà gbá orí mú. "Ẹ gbà mí o! Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ìgbẹ́ yẹn nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ló ń mú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ wá da oògùn apakòkòrò lé wọn lórí! Gbogbo wọn ti kú, afẹ́fẹ́ tó kù sì ti jò lọ. Ta ló ṣe èyí?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Mùsíọ̀ Isidore gbọ́ "ta ló ṣe èyí", Lomé tó ti ń rí lọ́ọ̀ọ́kán sì pòórá, ẹ̀wọ̀n ló rí. Ohun ìní ìlú ti bàjẹ́, àlejò ìjọba ń bèèrè orúkọ.

"Èmi kọ́!" ó kígbe. "Màdáàmù, mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀! Mi ò fọwọ́ kan ọkọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Àwọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ! Àwọn ni wọ́n mọ ọ́n! Àwọn obìnrin yìí ni wọ́n ń ru ìgbẹ́, ìgbẹ́ màlúù, láti ọ̀nà Glei! Àwọn ni wọ́n ni ín!"

Òótọ́ pọ́ńbélé, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó sọ ọ́.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Màdáàmù bèèrè. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀?"

"Mo fi ìyá mi tó wà nínú sàréè búra! Mi ò ní ọwọ́ kankan níbẹ̀!"

"Ó ṣe," Màdáàmù Brigitte wí. "Mi ò wá fìyà jẹ ẹnikẹ́ni o. Kòtò tó kú ṣeé tún ṣe. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni mo fẹ́ mú lọ sí Lomé. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti fi ìyá yín búra, ta ni èmi tí n ó sọ ọ́ di òpùrọ́?"

Mùsíọ̀ Isidore la ẹnu. Ó wúkọ́. Ó jókòó sórí àpótí tó dúró lé lẹ́ẹ̀kan.

Màdáàmù yíjú sí wa. "Ta ló ni kòtò yìí?"

Ẹ wò ó, mo fẹ́ sọ pé a pariwo pé àwa ni. Irọ́ ni. Kòtò tó ti kú, ta ló fẹ́ jẹ́ olóòkú? Ẹnì kan ń wo òkè, ẹnì kan ń yọ ẹ̀gún tí kò sí lẹ́sẹ̀. Ìyá Àpọ̀kẹ́ ló jáde síwájú.

"Àwa la ni ín," ó wí. "Ó ti kú, ṣùgbọ́n tiwa ni. Kì í sì í ṣe ọ̀gá nìkan ló pa á. Èmi náà da ìgò kan sí i. Ojú ń tì mí nítorí òórùn rẹ̀. Iná tó gba ojú mi là, èmi ni mo tún lọ fún un ní oògùn jẹ."

Léon ní òun da ìgò kan. Ẹnì kan ní òun da omi ọṣẹ. Ẹlòmíràn ní ìgò méjì ni tòun, pé òun ń retí kí wọ́n yin òun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ́wọ́, títí Màdáàmù fi bú sẹ́rìn-ín tó ń di ìhà mú. Ó ní ká kó gbogbo rẹ̀ jáde, ká fọ kòtò dáadáa, ká da ìgbẹ́ tuntun sí i, ká mú sùúrù. Ó ní kí Ìyá Àpọ̀kẹ́ àti Léon bá òun lọ sí Lomé. Ìyá Àpọ̀kẹ́ ní ẹ̀wà òun wà nínú omi, pé kí àwọn àdúgbò yòókù wá wò ó níbí. Màdáàmù gbà. Ó na ọwọ́ sí Mùsíọ̀ Isidore, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí Lomé fi ti búrò Mùsíọ̀ Isidore pa. Mọ́tò tí ìjọba fún un lọ, ilé ìjọba lọ, ìgò gáàsì lọ. Gérard náà lọ, ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn tó ń sọ fún un pé nítorí tirẹ̀ ni òjò ṣe ń rọ̀. Bàbá Yvette àti ìyàwó rẹ̀ háyà yàrá méjì ní Ẹsẹ̀-Òkè, láàárín wa. A kò pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Ká má parọ́, ó ṣe àwa náà bákan, ọwọ́ wa kò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, igi tútù kọ̀ kò jó lábẹ́ ìkòkò Justine. Ojú rẹ̀ ń ṣomi. Bàbá Yvette gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò. Ó fẹ́ ẹ títí. Bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe: ó nàró, ó ní, "Ìwọ iná, ní orúkọ ìtẹ̀síwájú..." Èéfín wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ gidi lọ́tẹ̀ yìí, ó ń wú u títí tó fi jókòó sílẹ̀. Justine ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó wo abẹ̀bẹ̀, ó wo kóòtù tó tún lọ wọ̀ láti wá dáná, ẹ̀rín gbé òun náà lọ.

"Justine," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "èmi ni mo pa iná tí ìwọ ì bá máa fi dáná, àbí?"

"Ẹ̀yin ni," Justine ní. "Èmi náà da lọ́fíńdà mi sí i. Odidi ìgò."

"Èyí tí mo ní Gérard ló jí i?"

"Òun náà ni."

Ẹ̀rín náà pa wọ́n débi pé ọbẹ̀ ọ̀hún kò jinná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láìpẹ́ sí i, ìdérí kòtò ti ń gòkè padà. Iná ti jáde, Ìyá Àpọ̀kẹ́ sì ti ń ta ẹ̀wà láàárọ̀ kùtù, ojú rẹ̀ ti ń funfun bọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sí ẹnu ilé ìdáná láti pín ọjọ́ fún àwọn agboolé. A rí Bàbá Yvette tó ń bọ̀. Ó dúró níwájú wa, ó wúkọ́. Gbogbo wa tún ìjókòó ṣe, ẹnì kan tilẹ̀ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi parí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ọjọ́ wo ló kàn mí?"

A ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Ọ̀la," Ìyá Àpọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ tètè jí o, Bàbá Yvette. Àwọn màlúù ò mọ Alága."